Re: "Aṣojú òmìnira": ta ló rán Soto níṣẹ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti búra pé mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ níbí mọ́, torí ìgbà tí mo dá sí ti "amóhùnmáwòrán" lọ́jọ́sí, ẹ̀yin náà rí ohun tójú mi rí, ẹnì kan tiẹ̀ bú bàbá mi mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n láti ìjẹta tí bọ̀dá wa tó wà ní Baltimore ti tú ìròyìn béèsíbọ́ọ̀lù sí Yorùbá tó fi ránṣẹ́ síbí, ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun bí eegun ẹja. "Free agent" ló fẹ́ tú, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù tí ìwé àdéhùn rẹ̀ ti tán, tó lè lọ sẹ́gbẹ́ tó bá wù ú. Gbólóhùn ọ̀hún rèé, mi ò yọ nǹkan kan kúrò ńbẹ̀: "Juan Soto tó jẹ́ aṣojú òmìnira ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Mets fún ọdún 15, mílíọ̀nù 765 dọ́là." Ó ní òun kàn fi ti December 2024 yẹn ṣe àpẹẹrẹ ni o, pé àhesọ ìgbà òtútù yìí gan-an lòun fẹ́ máa tú fún wa, ta ló ń lọ, ta ló ń bọ̀, ẹgbẹ́ wo ló ń lé ta. Ó dáa. Ṣùgbọ́n aṣojú ta? Ta ló rán Soto níṣẹ́?

A-ṣe-ojú. Ẹni tó bá ṣojú mi, ibi tí ojú mi ò dé ló bá mi dé. Gómìnà ò ráyè wá síbi ìnáwó, ó rán aṣojú, aṣojú jẹ ìrẹsì gómìnà, ó ka ọ̀rọ̀ gómìnà, ó lọ. Soto ò ṣojú ẹnì kankan. Òun gan-an ni wọ́n ṣojú fún, Scott Boras lorúkọ ẹni tó ṣojú fún un, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ti kanlẹ̀kùn báyìí, àwọn tó ni ẹgbẹ́ á ti máa di àpò mú. Wàyí o, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ bọ̀dá wa kọ ọ́ pé Boras ń dúnàádúrà lórí Soto. "Aṣojú aṣojú òmìnira ní aṣojú òmìnira òun ò tíì..." Ṣé èdè nìyẹn àbí ọfọ̀?

Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ò jìnnà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, "agent", ọmọ méjì ló bí, ọ̀kan ni ẹni tá a rán, èkejì ni ẹni tó ń ṣe tiẹ̀ fúnra rẹ̀, èkejì ni wọ́n ń pè, ọ̀kan ló jẹ́. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, bọ̀dá ní inú ìwé atúmọ̀ lòun ti rí i. Ẹ̀gbọ́n, ìwé atúmọ̀ ò wo béèsíbọ́ọ̀lù rí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa wá ní ká lo "adáṣe", wọ́n sì tún rán wa létí pé àwọn ti ń kọ́ni ní mọfọ́lọ́jì látìgbà tí ọ̀pọ̀ wa ò tíì mọ̀dí mọ́tọ̀. A gbà, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ èmi gan-an, C lẹ sì fún mi. A-dá-ṣe, ìṣẹ̀dá rẹ̀ mọ́ tónítóní, etí ló kọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá ń pè bẹ́ẹ̀ nílé tiwa, ẹni tí kì í gbìmọ̀ ni, ẹ sì mọ ohun tágbà wí nípa àdáṣe, mi ò ní parí ẹ̀ fún yín. Soto tí ẹgbẹ́ New York méjèèjì ń bá gbìmọ̀ ńkọ́? Yankees ní àwọn á san mílíọ̀nù 760 fún ọdún 16, Mets ní 765 fún 15, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀, ẹ wá ní ó dá a ṣe.

Àǹtí wa tó wà ní Ìlọrin ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí nínú ẹgbẹ́ kankan, "aláìlẹ́gbẹ́" ni. Ẹ gbà mí o! Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù fún àti ẹgbẹ́ ẹni tá a jọ dọ́gba, ohùn kan náà ni, re-mí, kò sí àmì tó máa yà wọ́n. Ẹ kọ ọ́ síta pé "Aláìlẹ́gbẹ́ ń wá iṣẹ́" kẹ́ ẹ wá wo ohun tí pásítọ̀ yín máa sọ lọ́jọ́ Sunday. Ti bọ̀dá Baltimore tún burú jù, torí wọn kì í fi àmì sí nǹkan kan, "alailegbe" ni wọ́n tẹ̀, èmi sì kà á sí aláìlégbé, ẹni tí ò ní oògùn egbé. Ìyẹn ì bá tiẹ̀ bá Shohei Ohtani, agbábọ́ọ̀lù ará Japan nì, mu, màá débẹ̀ láìpẹ́.

"Agbábọ́ọ̀lù olómìnira" ò burú tó bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́ta ti fọwọ́ sí i. Ohun tí mo kàn ń wí ni pé òmìnira lójú tiwa, àsíá ni, ìlú ló ń gbà á, bá a ṣe gbà á ní October 1960, wọ́n á gbé kinní kan sọ̀ wọ́n á gbé òmíràn sókè. Ẹni tó gba òmìnira níparí October, tó ń wá ẹni tó máa tún so òun mọ́lẹ̀ fún ọdún 15 ní December, ṣé òmìnira nìyẹn?

Ohun tó wà lọ́kàn mi rèé, ẹ sì lè bú mi. Àwọn télọ̀ àti mẹ́káníìkì ti ní ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Fíríìdọ̀mù. Ó ti gba fíríìdọ̀mù. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó máa bi yín pé kí ni.

Ẹ wò ó bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn oníbéèsíbọ́ọ̀lù. Ọmọkùnrin yẹn wọlé síṣẹ́, ẹgbẹ́ tó mú un ló ni ín, wọ́n lè fi ṣe pààrọ̀ nígbà tó bá wù wọ́n. Washington ni Soto ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2022 wọ́n fi mílíọ̀nù 440 lọ̀ ọ́ fún ọdún 15, ó ní rárá, August ọdún yẹn náà wọ́n kó o lọ fún San Diego, December 2023 San Diego tún kó o fún Yankees, kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé wàá lọ. Ọmọ tiwa náà wà ńbẹ̀, Demi Orimoloye, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó dàgbà ní Kánádà, Brewers ló mú un ní 2015, nígbà tó di 2018 wọ́n fi í gba Curtis Granderson lọ́wọ́ Toronto. Orí-mọ-olóyè, wọ́n fi ṣe pààrọ̀! Àfìgbà tí ọdún mẹ́fà bá pé lókè lọ́hùn-ún, ní líìgì ńlá, lèèyàn tó lè dìde sọ pé ó tó, ta ló fẹ́ mi. Kí ló tún jọ ọmọ iṣẹ́ jùyẹn lọ?

Ó tún jọ ọ́ níbi tí ọ̀gá ti ń fi dọ́gbọ́n. Òṣogbo ni àbúrò mi obìnrin ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ọdún mẹ́ta ni wọ́n jọ sọ. Ó pé ọdún mẹ́ta, ọ̀gá ní Iléyá ti dé aṣọ pọ̀ nílẹ̀. Iléyá lọ, ó ní ọwọ́ rẹ̀ ò tíì dára nídìí kọ́là. Oṣù márùn-ún gbáko ló jẹ lé e. Ọjọ́ tó wá gbà á, mo jókòó lórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, míníràlì ń gbóná nínú kéèsì, àbúrò mi kúnlẹ̀ sórí ẹní nínú àǹkárá tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ọ̀gá tọ́ ọ lóyin, ó gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́ (kẹ́ ẹ má baà ní mo pè é ní sísọ́ọ̀sì), ó sì sunkún, ọ̀gá o, kì í ṣe àbúrò mi. Mo wo kọ́là ọrùn aṣọ yẹn dáadáa. Kò wọ́.

Báyìí gan-an ni Chicago Cubs ṣe Kris Bryant. Ọdún kan nínú iṣẹ́ yẹn, ọjọ́ 172 ni. Ní 2015 wọ́n fi í sílẹ̀ ní líìgì kékeré nígbà tí wọ́n ṣíde, wọ́n ní kó lọ túnwọ́ ṣe nídìí bọ́ọ̀lù mímú, April 17 ni wọ́n tó pè é. Nígbà tí ọdún máa fi parí, ọjọ́ 171 ló ní. Ọjọ́ kan ṣoṣo! Ọjọ́ kan yẹn ló sún fíríìdọ̀mù rẹ̀ síwájú lódidi ọdún kan, ó pẹjọ́, ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ni wọ́n tó dá a, ó pàdánù. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì dára nídìí kọ́là.

Ẹnì kan (mi ò dárúkọ, ó mọ ara ẹ̀) wá ní ká pe ìlànà àtijọ́ béèsíbọ́ọ̀lù, tó so agbábọ́ọ̀lù mọ́ ẹgbẹ́ kan, ní "òfin ìwọ̀fà". Èyí ni mi ò lè gbà. Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé ìwọ̀fà mọ ọjọ́ tó ń lọlé, ọjọ́ tí owó bá pé ni, ẹrú ni ò mọ̀. Lábẹ́ ìlànà yẹn, ìwé tí agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí lọ́dún kan ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́dún kejì ni, kò lópin. October 1969 St. Louis ní kí Curt Flood máa lọ sí Philadelphia lẹ́yìn ọdún 12, ọkùnrin dúdú, wọ́n ń san 90,000 dọ́là fún un, ó ní òun ò lọ. Ó kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà eré náà, Bowie Kuhn, pé òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n máa ń tà tí wọ́n máa ń rà láì bi í. Ẹnì kan wá bi í lórí tẹlifíṣọ̀n pé owó ńlá yẹn ńkọ́, ó ní ẹrú tí wọ́n ń sanwó gidi fún, ẹrú náà ni. Kóòtù tó ga jù dá a lẹ́bi ní 1972, 5 sí 3, eré rẹ̀ ti bà jẹ́. December 1975 ni adájọ́-àdéhùn kan, Peter Seitz, tó wá tú agbábọ́ọ̀lù méjì, Andy Messersmith àti Dave McNally, sílẹ̀, torí ọdún kan ti kọjá tí wọn ò tọwọ́ bọ̀wé, owó ọjà sì ti ń gòkè látìgbà náà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ẹ bá Flood parí ẹ̀. Nítorí náà ẹ má pè é ní ìwọ̀fà, ẹ má bá wọn fi epo pa á lára.

Mo ti ń gbọ́ èsì yín. "Fíríìdọ̀mù kì í ṣe Yorùbá." Àlùbọ́sà ńkọ́? Wàhálà tẹ́ ẹ fi ń ṣe mí yìí ńkọ́? Àdúrà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń parí gbogbo ìwé wọn, ibo ló ti wá? Ọ̀rọ̀ tó ti kúnlẹ̀ lórí ẹní tó ti lá oyin, ọmọ ilé ni.

Lórí "àhesọ", èmi àti bọ̀dá wà pa pọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "àgbọ́sọ" lẹ ò tíì wo "he" yẹn dáadáa. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n he é ni, bí èèyàn ṣe ń he ìgbín lẹ́yìn òjò. December 8, 2023, wọ́n he nọ́ńbà ọkọ̀ òfuurufú kan tó ń ti California lọ Toronto, wọ́n ní Ohtani wà ńbẹ̀, ó ń lọ tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Blue Jays, gbogbo Kánádà gbójú sókè. Ọkọ̀ balẹ̀, Robert Herjavec oníṣòwò ló sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Egbé ò gbé Ohtani débì kankan. Lọ́jọ́ kejì ó kọ ọ́ sórí Instagram fúnra ẹ̀ pé Dodgers ni, mílíọ̀nù 700 fún ọdún 10, mílíọ̀nù méjì méjì lọ́dọọdún ló ń gbà níbẹ̀, 680 tó kù di ẹ̀yìn ọ̀la.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bínú pé mò ń fi àmì ohùn da yín láàmú, ẹ rántí December 2022. Jon Heyman, akọ̀ròyìn béèsíbọ́ọ̀lù, kọ ọ́ sórí Twitter pé ó jọ pé Giants ni agbábọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ Aaron Judge ń lọ, àmọ́ kò kọ Aaron, "Arson" ló tẹ̀, ìyẹn ìdánásunlé. Orúkọ yẹn ṣì, ìròyìn náà tún ṣì, kò pẹ́ tó fi tọrọ àforíjì, Yankees ni Judge padà sí, mílíọ̀nù 360 fún ọdún 9. Àwọn yẹn ò ní àmì ohùn o, wọ́n ṣì jóná.

Àǹtí Ìlọrin, mo fẹ́ gbóríyìn fún yín lórí "owó má-lọ". Owó ọdún kan tí ẹgbẹ́ máa ń gbé síwájú ẹni tó fẹ́ lọ, ní 2024 mílíọ̀nù 21.05 ni, Soto ò wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn létí. Ẹ fi ìlà kékeré yẹn sáàárín ṣá, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ká yọ ọ́, ẹ má yọ ọ́.

"Sítóòfù gbígbóná" tí bọ̀dá fi pe ìtàkúrọ̀sọ ìgbà òtútù wọn, mi ò ní sọ̀rọ̀ lé e lónìí. Ìdí ààrò ni. Ẹ jẹ́ ó tán níbẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ni tó mọ̀ dáhùn. Lọ́dọ̀ wa "gba" fíríìdọ̀mù la ń wí, mo sì gbọ́ lẹ́nu àwọn Ìbàdàn pé ọmọ "ṣe" fíríìdọ̀mù. Tó bá jẹ́ "gba", ọ̀gá ló fún un. Tó bá jẹ́ "ṣe", òun ló náwó ẹ̀. Èwo ni ká kọ sí Soto lórí? Ẹ̀yin ará Ìbàdàn nìkan ni kó dáhùn o, bọ̀dá Baltimore, ẹ ní sùúrù ná.