Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀rọ wo ni kí n fi máa ṣọ́ táńkì iyùn mi?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Táńkì omi iyọ̀ lítà 250 ni mo fi ń sin ẹja àti iyùn ààyè (ẹ̀dá abẹ̀mí inú òkun) níbí ní Manchester. Lóṣù tó kọjá, hítà kọ̀, kò pa ara rẹ̀ mọ́. Kí n tó ti iṣẹ́ alẹ́ dé, omi ti gbóná dé 31°C, iyùn ti funfun báláú. Ó dùn mí wọra.

Mo ti ra ẹ̀rọ Inkbird tó ń pa hítà bí omi bá kọjá 26°C, ṣùgbọ́n kò lè wọn iyọ̀ tàbí pH (bí omi ṣe kan sí). Ẹ̀rọ mìíràn, Apex, ń ṣe gbogbo rẹ̀, ó tún ń ránṣẹ́ sí fóònù, àmọ́ owó rẹ̀! Ṣé kí n rà á, àbí kí n máa fi Inkbird àti ìdánwò ọwọ́ lò ó lọ?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.