PS4 tó ń gbóná tó sì ń kú: ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa àtúnṣe géèmù, ẹ jẹ́ ká kó ohun tá a mọ̀ nípa PS4 tó ń gbóná jọ síbí. Ti PS4 nìkan ni mo fẹ́, torí òun ló kún àwọn ṣọ́ọ̀bù géèmù wa, tòkunbọ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: èyí tó sanra tó jáde ní 2013, àti Slim pẹ̀lú Pro tí wọ́n tẹ̀ lé e ní 2016. Ẹ fi ìtàn ọjọ́ tẹ́ ẹ ra tiyín sílẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ sọ.

Èmi á bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo PS4 tó kú lójijì ni ooru pa. Kẹ́ ẹ tó mú sukudíráfà, ẹ wo bó ṣe kú. Tó bá jẹ́ ooru, ẹ̀rọ náà á sọ fún yín: fáànù á kọ́kọ́ máa hu, lẹ́yìn náà á kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé òun ti gbóná jù, kẹ́ ẹ pa òun kóun tutù, iná iwájú rẹ̀ á sì pọ́n. Tó bá kàn kú bí ìgbà téèyàn fa wáyà yọ, láìsí ìkìlọ̀, láìsí iná pupa, power pack (àpótí inú ẹ̀rọ tó ń gba iná wọlé) tàbí iná tó ń wọlé ni kẹ́ ẹ fura sí. Tó bá sì jẹ́ pé iná búlúù ló ń ṣẹ́jú tí kò di funfun, tí àwòrán ò jáde, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ HDMI, ihò tí wáyà tẹlifíṣọ̀n ń wọ̀, ó lè jẹ́ háàdì dísìkì, ó lè jẹ́ ṣípù fúnra rẹ̀, kò sí péèsì (ohun rírọ̀ tí wọ́n ń fi sáàárín ṣípù àti irin tó ń fa ooru rẹ̀) tó máa tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo aago. PS4 tó tutù, tẹ́ ẹ tàn, tó gbóná kú láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 5, eruku kọ́ nìyẹn. Eruku kì í yára bẹ́ẹ̀. Fáànù tí kò yí, tàbí heatsink (irin tó ń fa ooru kúrò lórí ṣípù) tí kò jókòó dáadáa sórí ṣípù ló ń ṣe irú ẹ̀, pàápàá bí ẹnì kan bá ti ṣí i rí. Èyí tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ogójì ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan kó tó kú, eruku, péèsì gbígbẹ tàbí ooru yàrá ló wà ńbẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ kún un, torí òun ló ń sọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ni.

Ẹ fi géèmù tó wúwo sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni PS4 ti ń fa atẹ́gùn wọlé, ẹ̀yìn ló ń tú u sí. Bí fáànù bá ń pariwo bíi báálù tó fẹ́ gbéra, àmọ́ tí atẹ́gùn tó kan ọwọ́ yín ò tó nǹkan, eruku ti dí irin heatsink. Fáànù ń sáré, ọ̀nà ò sí. Bí atẹ́gùn bá le dáadáa, tó sì jẹ́ pé ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ooru ò kúrò lórí ṣípù: péèsì ti gbẹ, tàbí irin tó di heatsink mọ́ bọ́ọ̀dù ti dẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní "atẹ́gùn ẹ̀yìn ò gbóná, a jẹ́ pé kì í ṣe ooru." Ooru ni o, inú ló há sí. Tí atẹ́gùn bá wá le, tó tún gbóná gan-an, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ohun tó ń fà símú ni kò dáa. Ẹ wo yàrá, ẹ wo kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹ ò bá gbọ́ ariwo, tí ẹ ò sì rí atẹ́gùn, fáànù ti kú, tàbí ẹni tó ṣí i kẹ́yìn gbàgbé láti ki wáyà rẹ̀ padà.

Ẹ má fi ariwo nìkan dájọ́. Fáànù PS4 tó dáa náà máa ń ké lójú ìwé àwòrán ilẹ̀ tàbí mẹ́nù inú géèmù míì, torí kò sí ohun tó ń dín eré ṣípù kù níbẹ̀.

* * *

Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sọ pé eruku ni.

Ẹ pa á pátápátá, kẹ́ ẹ yọ gbogbo wáyà. Síkúrù ẹ̀yìn PS4 tó sanra kì í ṣe ti Phillips: orí rẹ̀ dà bí ìràwọ̀, ó ní pín-ìn kékeré láàárín. Sukudíráfà T8 tàbí T9 tó ní ihò lẹ́nu lẹ máa lò, àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń ní in. Àwọn síkúrù kan wà lábẹ́ sítíkà. Bí sítíkà bá ti ya kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé ọwọ́ kan ti ṣáájú tiyín.

Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ ṣí ìdérí ìsàlẹ̀, power pack lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ yọ wáyà áńténà tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ tú síkúrù rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sókè gbọnrangandan. Irin méjì tó dúró ṣánṣán lórí bọ́ọ̀dù ló wọnú rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó gbé e máa wọ́ wọn. Wáyà ẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì, orí ṣọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ dì mú, kì í ṣe wáyà. Ẹ má ṣí power pack fúnra rẹ̀ rárá. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè gbá iná tó lé ní 300 fóltì mọ́ra fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fa wáyà yọ.

Tí power pack bá ti kúrò, irin heatsink á yọjú. Ibi tí fáànù ti ń fẹ́ sínú irin yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀. Eruku ibẹ̀ kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú, ó máa ń di bí ẹní òwú, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́ tàbí nínú yàrá tó ní kápẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ ẹ láti ìta, ẹ máa tì í wọnú sí i ni. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ tó sì gbẹ lẹ fi máa tú u, ẹ wá fi blower fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ìyẹn òdìkejì ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà lọ.

* * *

Àbúrò, o ò tíì sọ ohun tí blower ń bàjẹ́. Kí ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ fi igi ìtayín tàbí ìka di abẹ́ fáànù mú kó má yí. Blower máa ń yí i ju eré tí wọ́n ṣe é fún lọ, bọ́ọ̀rìn rẹ̀ á jẹ, fáànù tó yí lódì tún máa ń di jẹnẹrétọ̀ kékeré, á rán iná padà sí bọ́ọ̀dù. Blower tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná kò sì wúlò níbí. Ẹ pa iná gbígbóná rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan péèsì. Mo ti rí i níbì kan tí wọ́n kọ ọ́ pé kéèyàn fi péèsì ìfọyín sí i. Àwàdà kọ́ o, àwọn èèyàn ń ṣe é! Omi tó wà nínú ẹ̀ ló máa tutù fún wákàtí mélòó kan, tí omi bá gbẹ ó di ẹfun, ẹfun sì ń há ooru mọ́ inú ni. Péèsì ṣípù ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́jà kọ̀ǹpútà.

Láti dé orí ṣípù PS4 tó sanra, ẹ gbọ́dọ̀ tú bọ́ọ̀dù kúrò. Ẹ ya àwòrán gbogbo ìpele, torí gígùn àwọn síkúrù ò dọ́gba. Irin kan bí àmì ìlọ́po wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù pẹ̀lú síkúrù méjì. Òun ló fa heatsink mọ́ ṣípù. Ẹ tú méjèèjì díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀. Ẹ fi ọtí isopropyl tó jẹ́ 90 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nu péèsì àtijọ́ kúrò lórí ṣípù àti lórí irin, títí ojú méjèèjì á fi máa dán. Spirit ilé oògùn ní omi nínú jù. Bí ẹ bá fi dandan lò ó, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Bẹntiróòlù kọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Iye tó tó kò ju ẹyọ ẹ̀wà kékeré kan lọ. Ẹ fi ike pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ tinrin, kó bo gbogbo ojú ṣípù dé igun. Iṣẹ́ péèsì ò ju kó dí àlàfo tí ojú ò lè rí láàárín irin àti ṣípù. Tó bá nípọn, òun fúnra rẹ̀ di aṣọ òtútù. Lẹ́yìn náà, ẹ di síkúrù méjèèjì padà bẹ́ ẹ ṣe tú wọn, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, títí wọ́n á fi dúró. Ẹni tó bá di ẹ̀gbẹ́ kan tán kó tó kan èkejì ń ti péèsì sí igun kan ni, ìyẹn ló ń bí PS4 tó kú ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹni àkọ́kọ́ mẹ́nu kàn. Bẹ́ ẹ bá ṣiyèméjì, ẹ tún gbé irin sókè lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ wo ojú ibi tí péèsì tẹ̀ dé.

Páàdì, ìyẹn ohun rírọ̀ pẹlẹbẹ tó wà lórí àwọn ṣípù mẹ́mọ́rì, náà ńkọ́? Bí kò bá ya, ẹ má yọ ọ́. Bó bá ya, ìwọ̀n kan náà ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Páàdì tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ máa gbé heatsink kúrò lórí ṣípù ńlá, ẹ máa wá máa bú péèsì tí kò ṣẹ̀ yín.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n gba ti iná sọ, torí wọ́n ti ṣí PS4 púpọ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ jẹnẹrétọ̀.

PS4 tó sanra lè jẹ tó 140 wáàtì nígbà géèmù, power pack rẹ̀ sì ń gba iná láti 100 dé 240 fóltì. Torí náà iná tó wálẹ̀ díẹ̀ kì í pa á. Àmọ́ bí fóltì bá ṣe ń wálẹ̀ ni power pack ṣe ń fa iná sí i kó lè rí wáàtì kan náà, òun náà á wá máa gbóná. Ẹ wá ro jẹnẹrétọ̀ kékeré, ti 950 tá a ń pè ní "I better pass my neighbour", tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n méjì, fáànù òrùlé àti PS4 méjì. Nígbà tí ẹnì kan bá tan áyọ́ọ̀nù pẹ́rẹ́n, PS4 kú láìsí ìkìlọ̀. Kì í ṣe ooru ṣípù.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀: ẹ gbé e lọ síbi tí iná NEPA ti dúró, tàbí sórí inverter tó dáa, kẹ́ ẹ fi géèmù kan náà sí i fún wákàtí kan. Bí kò bá kú, ẹ kó sukudíráfà yín pamọ́. Bó bá kú láìsí ìkìlọ̀ níbẹ̀ náà, power pack ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ ni kẹ́ ẹ mú dání, nítorí ti CUH-1000 àti ti CUH-1200 (oríṣi méjì nínú èyí tó sanra), ti Slim àti ti Pro kì í wọnú ara wọn.

PS4 tó bá ti kú báyìí léraléra, dísìkì inú rẹ̀ lè ti dàrú. Ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7 títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn kejì, ẹ fi wáyà so páàdì ìgbá-géèmù mọ́ ọn, ẹ yan ìkarùn-ún, Rebuild Database. Kì í pa géèmù rẹ́.

* * *

Ẹ̀yin tó ni ṣọ́ọ̀bù géèmù: ìwé tó bá PS4 wá sọ pé láti 5 dé 35 dígírì Celsius ni ìwọ̀n ooru yàrá tó lè gbà. Abẹ́ páànù lóṣù Kẹta, ní aago méjì ọ̀sán, pẹ̀lú èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú yàrá kan? Ó ti kọjá 35. Ìyẹn ni "atẹ́gùn le, ó sì gbóná" tí wọ́n sọ lókè. Ẹ fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ láàárín ẹ̀rọ àti ògiri, ẹ má to ọ̀kan lé èkejì, ẹ má tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní gíláàsì. Fáànù orí tábìlì tẹ́ ẹ kọjú sí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dá atẹ́gùn gbígbóná padà sínú ni; ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ kọjú rẹ̀ sí.

* * *

Ẹni tó fẹ́ béèrè nípa PS5: ẹ má ṣí i dé orí ṣípù. Irin olómi ni wọ́n lò dípò péèsì. Bó bá kán sórí bọ́ọ̀dù, ó lè so iná pọ̀ kó sì jó o. Àwọn ìdérí funfun rẹ̀ ń yọ láìlo síkúrù, ihò méjì tí eruku ń kó sí sì wà lábẹ́ wọn. Ẹ fi ẹ̀rọ afaeruku fà á níbẹ̀, ó parí.

* * *

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ aáyán. Inú power pack ni wọ́n ń gbé, torí ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kódà nígbà tí PS4 bá sùn. Bẹ́ ẹ bá rí àmì dúdú kéékèèké bí ata gígún lẹ́bàá ihò ẹ̀yìn, wọ́n ti wà ńbẹ̀. Òkú wọn á há sáàárín irin heatsink bí eruku, ìgbẹ́ wọn á sì so iná pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ á kú láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ẹ má fín oògùn kòkòrò sínú rẹ̀ o, bọ́ọ̀dù lẹ máa rẹ. Ẹ di PS4 sínú ọ̀rá, ẹ jìnnà sí i, kẹ́ ẹ fín yàrá àti kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó gbé e padà.