Gẹ̀gẹ̀ kọ́ ni: àbá mi lórí orúkọ àìsàn táírọ́ìdì yìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka gbogbo àbá tó wọlé látìgbà tí wọ́n ti béèrè pé kí la máa pe àìsàn táírọ́ìdì (ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọrùn, tó ń ṣe họ́mónù, ìyẹn èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara) ní Yorùbá, èyí tó jẹ́ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, tó yẹ kó máa gbógun ti kòkòrò àìsàn, fúnra wọn ló ń bá táírọ́ìdì jà. Mẹ́ta ló wà nílẹ̀: gẹ̀gẹ̀, àìsàn àfọwọ́fà, àìsàn ìdílé. Mi ò fara mọ́ ìkankan níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí orúkọ tá a bá fún un ló máa pinnu ohun tí aláìsàn máa lọ rà gbé mì.

Ẹ jẹ́ ká mú gẹ̀gẹ̀. Ohun tójú rí ni gẹ̀gẹ̀, ọrùn tó wú, ó tán. Tá a bá sì ti gbọ́ gẹ̀gẹ̀, àìsí ayodíìnì, èròjà inú oúnjẹ tí táírọ́ìdì fi ń ṣe họ́mónù, ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, òótọ́ sì ni, àìtó ayodíìnì wà lára ohun tó ń fà á jù láyé, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa pò ó mọ́ iyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àìsàn Hashimoto, ọ̀kan lára àwọn àìsàn tá à ń wá orúkọ fún yìí, èyí tí wọ́n fi orúkọ Hakaru Hashimoto, dókítà ọmọ Jàpáànì tó kọ̀wé nípa ẹ̀ lọ́dún 1912, sọ: táírọ́ìdì ẹlòmíì á wú, ti ẹlòmíì á sún kì débi pé téèyàn bá fọwọ́ kan abẹ́ gògóńgò kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àìsàn kan náà ni. Tẹ́ ẹ bá wá sọ fún onítọ̀hún pé gẹ̀gẹ̀ ló ní, ibi ayodíìnì ló máa forí lé, wàhálà tí mò ń sọ gan-an nìyẹn, torí ayodíìnì àpọ̀jù lè tún máa bínú sí irú táírọ́ìdì bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè Dẹ́nmáàkì sọ ọ́ di dandan lọ́dún 2000 pé kí wọ́n máa fi ayodíìnì sí iyọ̀, ó ṣiṣẹ́ tó yẹ kó ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wò lẹ́yìn náà, àwọn tó ní ohun ìjà ara (èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀, antibody) tó dojú kọ táírọ́ìdì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má jẹ iyọ̀ ayodíìnì o! Àgbàlagbà nílò nǹkan bíi 150 máíkírógíráàmù lóòjọ́, aláboyún nílò 250. Oògùn oníhóró tí wọ́n fi ewéko inú òkun ṣe ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ra fún, torí òmíì nínú ẹ̀ ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Àfọwọ́fà, rárá o. Mo mọ bí ẹni tó mú un wá ṣe rò ó, ara-ẹni ló rí nínú "autoimmune", orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é, ló bá ní ara-ẹni ni ọwọ́ ara-ẹni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ fa wàhálà là ń pè ní àfọwọ́fà, ẹ̀bi ti wọ̀ ọ́. Obìnrin ló ń ní àìsàn yìí jù, ó fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, ṣé ká wá máa sọ fún gbogbo wọn pé àwọn ló fà á?

Àìsàn ìdílé ló sún mọ́ òótọ́ díẹ̀. Ó máa ń rìn nínú ẹbí lóòótọ́, àwọn jíìnì, ìyẹn ohun àbùdá tá à ń jogún lọ́dọ̀ òbí, tí wọ́n ti rí pé ó lọ́wọ́ sí i wà, irú bíi HLA-DR3, PTPN22 àti CTLA4, CTLA4 yìí ló dà bíi bíréèkì fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ara. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, wọ́n ti wo àwọn ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀, tí jíìnì wọn ò yàtọ̀, ọ̀kan á ní in, èkejì lè máà ní in títí ayé. Ìtẹ̀sí lèèyàn ń jogún, kì í ṣe àìsàn náà fúnra ẹ̀. Tá a bá ti wá pè é ní àìsàn ìdílé, gbogbo ọmọ inú ilé á ti máa dúró dè é.

Àbá tèmi ni àṣìmú-ara. Ẹ̀ṣọ́ ara ṣi ara mú, bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ṣi èèyàn mú. Mi ò lo ìkọlù tàbí ìparun torí àìsàn Graves, irú kejì tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ti ń dojú kọ táírọ́ìdì. Nínú ti Hashimoto, wọ́n ń ba táírọ́ìdì jẹ́ díẹ̀díẹ̀, họ́mónù ẹ̀ á wá lọ sílẹ̀. Nínú ti Graves, ohun ìjà ara lọ di ibi tó yẹ kí TSH, họ́mónù tó ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì, dì mú lára táírọ́ìdì, ó wá ń tì í kó máa ṣe họ́mónù láìsinmi, àyà ń lù kìkì, ara ń rù. Kò sí ìparun níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣìmú wà nínú méjèèjì. Ẹ bá mi fi àmì sáàárín ẹ̀ o, torí tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pọ̀, ìmúra lójú á kọ́kọ́ rí. Mo tún sá fún àjẹsára, tí wọ́n fi ń pe agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà, abẹ́rẹ́ ló wà lọ́kàn àwọn èèyàn báyìí tí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á ní abẹ́rẹ́ ló fà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tá a máa ń lò tá a bá ń sọ ohun tí aláìsàn máa jẹ: aṣaralóore, ìyẹn èròjà inú oúnjẹ tó ń ṣe ara lóore. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, mi ò ní ká pa á tì, ṣùgbọ́n ó ń dún létí bí ohun tó jẹ́ pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dáa tó. Ẹ wo sẹ̀lẹ́níọ̀mù, ọ̀kan lára àwọn èròjà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀yà ara tó ní in tó táírọ́ìdì tá a bá fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n, ó sì nílò ẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ tó bá pọ̀ jù, irun á máa já, èékánná á máa ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ irun jíjá wà lára ohun tí táírọ́ìdì tí ò ṣiṣẹ́ dáadáa ń fà tẹ́lẹ̀, aláìsàn á wá rò pé kò tíì tó, á tún fi kún un. Irin inú oúnjẹ náà ńkọ́, àìtó ẹ̀ náà ń dá wàhálà sílẹ̀, torí ẹ́ńsáìmù, ìyẹn òṣìṣẹ́ inú táírọ́ìdì tó ń fi ayodíìnì sínú họ́mónù, ò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Torí náà níbi tá a bá ti ń kọ aṣaralóore nípa àìsàn yìí, ẹ jẹ́ ká máa kọ "ìwọ̀n aṣaralóore".

Ẹni tó bá ní èyí tó dáa ju àṣìmú-ara lọ kó mú un wá, inú mi á dùn sí i, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ dán an wò lára Hashimoto àti Graves, kó rí i pé ó bá méjèèjì mu.