Ta ni "ni" inú "ìbánidọ́rẹ̀ẹ́"?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lánàá, níbi tí wọ́n ti pe Twitter, blog àti wiki, tí àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé òfin ń kọ́ bí a ṣe ń lò, ní "irinṣẹ́ ìbánidọ́rẹ̀ẹ́". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí mì.

Mọ́fíìmù "ni" (ẹyọ kékeré inú ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ẹni tí a ń ṣe nǹkan sí) ni mo bá ń jà. Ẹ wo "afinimọ̀nà" àti "abánikẹ́dùn": ẹnì kan ló ń ṣe é, ẹlòmíràn ni wọ́n ń ṣe é fún, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í sì í bá abánikẹ́dùn kẹ́dùn padà. Irinṣẹ́ wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Helene Blowers gbé "23 Things", ètò ìkọ́ni lórí irinṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kalẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ní Charlotte, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2006, ó ní kí kálukú ṣí blog tirẹ̀, wọ́n sì lè ka ti ara wọn, kí wọ́n fèsì. "Ara" ni èdè wa fi ń sọ irú èyí.

"Ọ̀rẹ́" gan-an ló léwu jù. Ọ̀rẹ́ a máa gbani nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n olùtọ́jú ilé-ìkàwé òfin lè fi ibi tí òfin wà han òǹkàwé, kò gbọdọ̀ sọ ohun tí yóò ṣe lórí ẹjọ́ rẹ̀ fún un. Ilé-ìkàwé òfin Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà ti ń kọ blog láti ọdún 2010. Bí ẹnikẹ́ni bá fèsì síbẹ̀, ṣé ó ti di ọ̀rẹ́ wọn nìyẹn? Bàbá mi, tó ṣe ògbufọ̀ ní kọ́tù ìbílẹ̀, kì í pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀rẹ́ nínú ọgbà kọ́tù, àní ẹni tí wọ́n jọ mu ẹmu lálẹ́ àná.

"Irinṣẹ́ ìbáraẹnisọ̀rọ̀" ni mo fara mọ́ (ẹ má fi "ni" tó wà nínú "ẹni" rẹ̀ mú mi o, ìyẹn yàtọ̀). Ẹni tó ní ó gùn jù kò ka sílébù rẹ̀: méje ni, ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ mẹ́fà.

Bí mo bá ṣì í, kí ẹ̀gbọ́n jọ̀wọ́ ṣàlàyé ìdí tí àwọn fúnra wọn fi kọ "ìbáraẹnisọ̀rọ̀" fún tẹlifóònù nínú ìtumọ̀ kan náà.