Ta ló kọ́ yín ní gígun òkè àti yíyọ̀ lórí yìnyín? Tiwa rèé

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Ẹ kú ilé o. Kinder Scout ni tèmi, òkè kan ní agbègbè Peak District, nílẹ̀ England. Òkè náà ò fi bẹ́ẹ̀ ga, mítà 636 péré, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó kún fún ẹrẹ̀ dúdú. Bí ìkùukùu bá ti bò ó, ẹ ò ní mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. (Òkè yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ fi tipátipá gùn lọ́dún 1932, nígbà tí àwọn onílẹ̀ ní kí wọ́n má débẹ̀. Wọ́n ju àwọn kan sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀. Mo máa ń rántí wọn bí òjò bá ń pa mí níbẹ̀.)

Màmá òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ṣáájú ẹgbẹ́ wa. A ò tíì jìnnà sí abúlé Edale tó fi ki máàpù àti kọ́ńpáàsì bọ̀ mí lọ́wọ́: "Ó yá, ìwọ lo máa mú wa lọ." Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Orí òkè ni ìkùukùu ká wa mọ́. Ó ní kí n fi etí kọ́ńpáàsì so ibi tí a wà mọ́ ibi tí à ń lọ lórí máàpù, kí n yí àwo rẹ̀ títí ìlà inú rẹ̀ á fi bá ìlà àríwá máàpù mu, kí n wá gbé e sí iwájú àyà. Àṣé ara èèyàn ló ń yí nígbà yẹn, kì í ṣe kọ́ńpáàsì! Èèyàn á máa yí díẹ̀díẹ̀ títí abẹ́rẹ́ pupa á fi wọ ojú ilé tí wọ́n yà fún un. Ibi tó bá kọjú sí, ọ̀nà nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè nìkan ló ń bi mí. "Bí a bá ṣì Kinder Downfall, omi tó ń já lórí àpáta yẹn, ré kọjá, kí ló máa jẹ́ ká mọ̀?" Mo wo máàpù títí, mo ní ilẹ̀ á já wálẹ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn. "Ó dáa, máa lọ." Gbogbo wọn tẹ̀ lé mi, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, àfìgbà tí a gbọ́ ìró omi náà.

Mo ti bá ẹgbẹ́ míì jáde tó jẹ́ pé báàgì ẹni tó wà níwájú nìkan ni mo rí láàárọ̀ dalẹ́. Ìyẹn dáa fún ara, ṣùgbọ́n èèyàn ò kọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Ọmọ Èkìtì, Glasgow

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn. Orí òkè Cairngorm lẹ́bàá Aviemore, ní Scotland, ni wọ́n ti kọ́ èmi ní yíyọ̀ lórí yìnyín. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa? Bí a ṣe ń ṣubú! Ẹ̀gbẹ́ lẹ máa ṣubú sí. Bí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ gbé ski méjèèjì (pátákó gígùn tí à ń so mọ́ bàtà) dábùú òkè, kó wà nísàlẹ̀ ara yín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹ ṣe ń dìde ló ń gbé yín lọ. Láti dín eré kù, ẹ mú imú ski súnmọ́ra, ẹ ti gìgísẹ̀ síta. Ẹ̀rù á ní kí ẹ fara sẹ́yìn. Ẹ má dá a lóhùn, ojúgun ni kó máa tẹ iwájú bàtà. Àwọn ọmọ kéékèèké ń sá kọjá, àwa àgbà tò sẹ́yìn olùkọ́, à ń pariwo "Jésù!"

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ mú fèrè dání o, òun lẹ ó fi ké fún ìrànwọ́ bí ewu bá dé. Ní Britain, ẹ fun ún lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n ti gbọ́ yín nìyẹn. Bí fóònù bá ń ṣiṣẹ́, ẹ pe 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, kí ẹ ní Mountain Rescue, àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè, lẹ fẹ́. Jeans ńkọ́? Ẹ fi sílé. Ó ń fa omi, kì í tètè gbẹ. Kí ẹ tó ra fèrè, ẹ kọ́kọ́ wo ìdè àyà báàgì yín, ọ̀pọ̀ ló ní kékeré kan lára. Tèmi ti wà níbẹ̀ tipẹ́, mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni.