Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè là mí lóye lórí ọ̀rọ̀ Andrew Anglin?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń kọ iṣẹ́ kíláàsì lórí àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì tan ìkórìíra kálẹ̀. Andrew Anglin, ọmọ Ohio ní Amẹ́ríkà, ni mo mú. Ọdún 2013 ló dá ìkànnì Daily Stormer sílẹ̀, tó ń gbé Hitler gẹ̀gẹ̀. Ní ìparí ọdún 2016, ó ní kí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dojú kọ obìnrin Júù kan tó ń ṣòwò ilé ní Whitefish, Montana. Ó gbé nọ́ńbà fóònù obìnrin náà síta, kò tilẹ̀ yọ ọmọ rẹ̀ kékeré sílẹ̀. (Ọmọdé, ẹ gbọ́ ná!) Èébú àti ìhàlẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ní 2019, ilé ẹjọ́ ní kí Anglin san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 14 dọ́là fún obìnrin náà.

Ibi tó ti rú mi lójú nìyí: lẹ́yìn wàhálà tó bẹ́ sílẹ̀ níbi ìwọ́de àwọn aláwọ̀ funfun ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní ìlú Charlottesville, Amẹ́ríkà, ní 2017, GoDaddy, Google àti Cloudflare (àwọn iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ kí ìkànnì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) lé ìkànnì náà dànù láàárín ọjọ́ díẹ̀, láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́. Ṣebí òfin Amẹ́ríkà ló ní kí kálukú sọ tẹnu ẹ̀? Àbí ìjọba nìkan ni òfin yẹn de? Báwo sì ni wọ́n ṣe ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ti fara pamọ́ bíi Anglin? Ẹ̀yin lọ́yà tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ bá mi dá sí i. Ọjọ́ Ẹtì ni màá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.