Gáàsì fẹ̀ láti lítà 10 dé lítà 30: ibo ni ìṣirò mi ti wọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Móólù 2 gáàsì pípé wà nínú sílíńdà ní 27 °C. Ó fẹ̀ láti lítà 10 dé 30, ìgbóná rẹ̀ kò yí padà. (a) Bó bá fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́nà reversible (èyí tó lè yí padà sẹ́yìn nígbàkigbà), iṣẹ́ mélòó ló ṣe? (b) Bí ìfúnpá ìta bá dúró sí 1 atm ńkọ́? Mo rí −2,380 J fún (a), ìwé ní −5.48 kJ. −20 J ni mo rí fún (b). Wọ́n tún ní ΔS (ìyípadà entropy, ìyẹn ìwọ̀n bí agbára ṣe tàn ká) méjèèjì dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ooru tó wọlé kò dọ́gba. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ará Iléṣà: Àbúrò, fọ́múlà rẹ dáa: w = −nRT ln(V₂/V₁); w ni iṣẹ́, n ni iye móólù, R jẹ́ 8.314, T ni ìgbóná ní kelvin (27 °C jẹ́ 300 K), V₁ àti V₂ sì ni lítà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí. Bọ́tìnnì lo ṣì tẹ̀. "log" lo tẹ̀, "ln" ló yẹ. Log 3 jẹ́ 0.477, ln 3 jẹ́ 1.0986. 2 × 8.314 × 300 jẹ́ 4,988 J, fi 1.0986 sọ ọ́ di púpọ̀, 5,480 J nìyẹn. Bí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ kò bá ní ln, fi 2.303 sọ log di púpọ̀. O káre tí o lo 300 K. Ẹni tó bá ki 27 bọ̀ ọ́, 493 J ni yóò rí.

Ti (b), 20 tí o rí kì í ṣe joule, lítà-atm ni. Lítà-atm kan jẹ́ 101.325 J, nítorí náà −2,027 J ni ìdáhùn.

Olùkọ́ kẹ́mísìrì: Ẹ jẹ́ kí n mú ti ΔS, torí ibẹ̀ ló ti ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Níwọ̀n bí ìgbóná kò ti yí padà, ooru tó wọlé dọ́gba pẹ̀lú iṣẹ́ tí gáàsì ṣe. Ooru ọ̀nà reversible nìkan la máa ń fi T pín. Bí o bá fi 300 pín 2,027 J ti (b), 6.76 J/K lo máa rí, kì í sì í ṣe ΔS gáàsì náà. Ibi tí gáàsì ti gbéra àti ibi tó dé ni entropy ń wò. Ẹni tó gba Òṣú láti Iléṣà àti ẹni tó yí gba Òṣogbo, Ifẹ̀ náà ni wọ́n dé. Epo tí mọ́tò wọn jó ni kò dọ́gba. Nítorí náà ΔS = nR ln 3 = 18.3 J/K fún méjèèjì.

Àyíká ni ìyàtọ̀ wà. Ní (a) àyíká pàdánù 18.3, àpapọ̀ jẹ́ òdo. Ní (b) 6.76 péré ló pàdánù, àpapọ̀ di +11.5 J/K. Òun ló fi hàn pé (b) kò lè dá ara rẹ̀ padà.

Kíyè sí àmì pẹ̀lú. Àwọn ìwé àtijọ́ kan ń kọ ΔU = q − w (ΔU ni ìyípadà agbára inú gáàsì, q ni ooru tó wọlé), iṣẹ́ tí gáàsì ṣe a sì máa jẹ́ +. Ti ìsinsìnyí ni ΔU = q + w. Mú ọ̀kan, má pa wọ́n pọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ṣùgbọ́n ní lítà 30, ìfúnpá inú ṣì jẹ́ 1.64 atm. Kí ló dá písítọ́ọ̀nù dúró?

Olùkọ́ kẹ́mísìrì: Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ohun kan gbọ́dọ̀ há a níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fẹ̀ dé lítà 49.2 kí ó tó bá 1 atm dọ́gba. Bí ìbéèrè kò bá sọ ọ́, kọ ọ́ sínú ìdáhùn rẹ.